Charles Loring Brace: Ẹni Tó Wá Ilé fún Àwọn Ọmọ Tí Kò Nílé

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi, ẹ fetí sílẹ̀ sí ìtàn yìí. Bí ọmọ kan bá pàdánù òbí rẹ̀ lónìí ní ilẹ̀ Britain níbí, tàbí tí ilé tí wọ́n bí i sí kò bá ṣeé gbé fún un mọ́, ohun tí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ máa ń wá ni ìdílé kan tí yóò gbà á sọ́dọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní igba ọdún sẹ́yìn, inú ilé ńlá kan ni wọ́n máa ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ mìíràn. Bí kò bá sí àyè níbẹ̀, ìgboro ni yóò máa sùn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó yí nǹkan yìí padà ni Charles Loring Brace, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ là. Ó sì pa àwọn mìíràn lẹ́kún. Nítorí náà, ìyìn wà nínú ìtàn yìí, ìkìlọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ méjèèjì.

ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

A bí Charles ní ọjọ́ 19, oṣù kẹfà, ọdún 1826, ní ìlú Litchfield, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, John Pierce Brace; àwọn ọmọbìnrin ló ń kọ́ níwèé, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí ìdí tó fi yẹ kí obìnrin kàwé. Nígbà tí Charles pé ọmọ ọdún 14, ìyá rẹ̀ kú. Ìbànújẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ilé kò tú mọ́ ọn lórí. Bàbá wà níbẹ̀, ìjọ sì wà lẹ́yìn wọn.

Ní ìlú Hartford tí wọ́n kó lọ, àlùfáà ìjọ wọn ni Horace Bushnell. Ní ọdún 1847, Bushnell tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nínú ìgbàgbọ́. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ oníwàásù ló gbà pé ẹlẹ́ṣẹ̀ lásán ni ọmọdé, títí di ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ yóò yí padà lójijì. Bushnell ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní inú ilé ni ọmọ ti ń mọ Ọlọ́run, díẹ̀díẹ̀, nípa bí bàbá àti ìyá ṣe ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà, àti bí wọ́n ṣe ń dárí ji ara wọn. Ẹ̀kọ́ yìí wọ Charles lára gan-an. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí láti inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn náà ti jáde.

Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì Yale ní ọdún 1846. Ó tún kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àlùfáà níbẹ̀, ó sì parí rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Union ní ìlú New York.

OHUN TÓ RÍ NÍ ÌLÚ ÒKÈÈRÈ

Ní ọdún 1850, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Frederick Law Olmsted àti àbúrò Olmsted tó ń jẹ́ John, sọdá òkun wá sí ilẹ̀ England, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri. Olmsted yìí náà ló wá di ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ya àwòrán ọgbà ńlá Central Park ní New York. Láti England, Brace lọ sí ilẹ̀ Jámánì, ibẹ̀ ló sì ti rí ohun kan tí kò gbàgbé mọ́.

Nítòsí ìlú Hamburg, ọkùnrin onígbàgbọ́ kan, Johann Hinrich Wichern, ti dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ọdún 1833 fún àwọn ọmọ tí kò ní olùtọ́jú. Rauhe Haus ni orúkọ rẹ̀. Wichern kò kó àwọn ọmọ náà jọ sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ó pín wọn ní ìdílé ìdílé, bí ọmọ 12 sí ilé kékeré kan, ó sì fi ọ̀dọ́kùnrin onígbàgbọ́ kan sí ilé kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ń ṣe oko. Brace rí i pé ọmọ tí gbogbo ìlú ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀ lè yí padà bí ó bá ní ibi tó lè pè ní ilé.

Ó kọjá lọ sí ilẹ̀ Hungary ní ọdún 1851. Ogun ìjàgbara ṣẹ̀ṣẹ̀ parí níbẹ̀ ni, àwọn aláṣẹ sì ń fura sí gbogbo àlejò. Wọ́n mú un, wọ́n ní amí ni, wọ́n sì tì í mọ́lé fún nǹkan bí oṣù kan kí aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà tó gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló padà sílé.

ÀWỌN ỌMỌ ÌGBORO NEW YORK

Ìlú New York ìgbà náà ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ìyàn ńlá ti mú ní Ireland, ọ̀pọ̀ sì ti sá wá láti ibẹ̀ àti láti Jámánì. Àwọn mìíràn kú sójú omi, àwọn mìíràn sì kú nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní ọdún 1849. Ní ọdún yẹn kan náà, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú kọ ìròyìn pé bí 3,000 ọmọ ló ń rìn gbéregbère kiri ìgboro. Wọ́n ń ta ìṣáná, wọ́n ń ta ìwé ìròyìn, wọ́n ń ṣa àkísà. Wọ́n ń sùn sínú àpótí àti sábẹ́ àtẹ̀gùn. Bí ebi bá pa wọ́n jù, wọ́n á jalè. Bí wọ́n bá jalè, wọ́n á tì wọ́n mọ́lé pẹ̀lú àgbàlagbà.

Brace bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wàásù fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní erékùṣù Blackwell, àti fún àwọn tálákà àdúgbò Five Points. Kò pẹ́ tó fi rí i pé àgbàlagbà tó ti bàjẹ́ ṣòro láti tún ṣe. Ọ̀dọ̀ ọmọdé ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn mìíràn ń ṣe ìpàdé fún àwọn ọmọkùnrin ìgboro, ṣùgbọ́n ìwàásù nìkan kò tó. Àwọn ọmọ náà á pariwo, wọ́n á dá ìpàdé rú. Ẹni tí ebi ń pa, báwo ni yóò ṣe gbọ́?

Ní ọdún 1853, òun àti àwọn onígbàgbọ́ kan dá ẹgbẹ́ Children's Aid Society sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tí ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 26 péré ni nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí, iṣẹ́ náà ló sì ṣe títí ó fi kú.

Ní ọdún 1854, wọ́n ṣí ilé kan tí àwọn ọmọ tí ń ta ìwé ìròyìn lè sùn sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọmọ á san sẹ́ǹtì mẹ́fà fún ibùsùn. Brace kò fẹ́ kí wọ́n máa ka ara wọn sí alágbe. Wọ́n tún gbẹ́ ihò sára tábìlì kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní ihò tirẹ̀ tó ń ju owó sí, kó lè kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú owó pamọ́. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀!

KÍ LÓ DÉ TÍ KÒ FẸ́ ILÉ ỌMỌ ÒRUKÀN?

Àwọn ilé ọmọ òrukàn kò ṣàìsí nígbà náà. Ní ilẹ̀ England níbí, George Müller, tí gbogbo wa mọ̀ nítorí àdúrà rẹ̀, ń kọ́ ilé ńláńlá sí Ashley Down ní Bristol. Nígbà tó fi máa di ọdún 1870, àyè ti wà níbẹ̀ fún 2,000 ọmọ. Iṣẹ́ rere ni. Müller fún wọn ní oúnjẹ, aṣọ, ìwé àti Ìhìnrere. Brace kò sì bá a jà.

Ṣùgbọ́n Brace ní èrò tirẹ̀. Nínú ilé ńlá, agogo ló ń jí ọmọ, agogo ló ń pè é jẹun, agogo náà ló ń ní kó sùn. Bí ó bá jáde ní ọjọ́ kan, tí kò gbọ́ agogo mọ́, kí ni yóò ṣe? Lọ́nà kejì, ẹni tí ń tọ́jú ọgọ́rùn-ún ọmọ lè fẹ́ràn wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ìyá fún gbogbo wọn. Ọmọ náà kò ní ẹnì kan tó jẹ́ tirẹ̀. Lọ́nà kẹta, owó tí a fi ń kọ́ ilé kan ṣoṣo tó láti ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ilé tó ní àyè, tó ní oúnjẹ, tó sì ń gbàdúrà wà káàkiri ilẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ́ Bushnell ti so èso nìyẹn: kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó dà bí ìdílé.

Àwa tí a ń ka Bíbélì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ilé ni Mósè ti dàgbà, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin Fáráò. Módékáì ló gba Ẹ́sítérì ṣọmọ lẹ́yìn ikú òbí rẹ̀. Olúwa wa pàápàá dàgbà nínú ilé Jósẹ́fù káfíńtà.

ỌKỌ̀ OJÚ IRIN

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1854, ẹgbẹ́ náà kó àwọn ọmọ tó lé ní 40 kúrò ní New York. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, títí wọ́n fi dé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Dowagiac ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n débẹ̀. Ọkùnrin tó kó wọn lọ bá ìjọ sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n gba àwọn ọmọ náà sílé. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti rí ẹni tó mú wọn. Wọ́n sì kó ìyókù lọ síwájú.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fún ọdún 75, láti 1854 títí di 1929, ẹgbẹ́ yìí àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó tẹ̀ lé e kó nǹkan bí 200,000 ọmọ lọ báyìí, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn onítàn.

Àdéhùn wọn ni pé kí ẹni tó gba ọmọ máa bọ́ ọ, kó wọ̀ ọ́ láṣọ, kó rán an lọ sílé ìwé, kó sì mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Brace kò jẹ́ kí wọ́n fi ìwé de ọmọ mọ́ ọ̀gá kan títí yóò fi dàgbà, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ láyé ìgbà náà. Bí ilé kan kò bá bá ọmọ lára mu, wọ́n lè mú un kúrò níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti àwọn ọmọ méjì kan. Ní ọdún 1859, ọkọ̀ kan náà ló gbé John Brady àti Andrew Burke lọ sí ìpínlẹ̀ Indiana. Ìyá Brady ti kú, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀mùtí tó máa ń lù ú, ìdí nìyẹn tó fi sá kúrò nílé. Adájọ́ John Green ní ìlú Tipton gbà á sílé. Brady kàwé dé Yale, ó di míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ Alaska, ó sì ṣe gómìnà ibẹ̀ láti 1897 sí 1906. Burke náà di gómìnà North Dakota, láti 1891 sí 1893. Àwọn ọmọ tí wọn kò ní ilé ní New York nìwọ̀nyí o!

IBI TÍ IṢẸ́ NÁÀ TI KÙ

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló rìnnà kore. Bí ọkọ̀ bá dé ìlú, wọ́n máa ń to àwọn ọmọ sójú pèpéle nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gbọ̀ngàn, kí àwọn ará ìlú lè yan èyí tó wù wọ́n. Àgbẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́ lóko á tẹ apá ọmọ wò bóyá ó lágbára. Ẹ̀gbọ́n lè wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan, kí àbúrò rẹ̀ wọ òmíràn, kí wọ́n má sì fojú kan ara wọn mọ́ láéláé. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò nílé.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kì í ṣe òrukàn rárá. Bàbá tàbí ìyá wọn wà láàyè. Òṣì ló dè é mọ́lẹ̀. Brace gbà pé inú ìlú ńlá àti àárín àwọn òbí tó ti rì sínú òṣì ni ewu wà, ó sì yá a lára láti mú ọmọ jìnnà sí wọn ju kó ran ilé wọn lọ́wọ́ lọ. Àwọn ọmọ Kátólíìkì tún pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn ọmọ Ireland, ilé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì sì ni wọ́n ń kó púpọ̀ wọn lọ. Èyí dun àwọn Kátólíìkì gan-an, wọ́n sì dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀: ní ọdún 1869, àwọn sísítà ṣí New York Foundling fún àwọn ọmọ jòjòló tí wọ́n sọ nù. Bẹ́ẹ̀ náà, àwọn ọmọ dúdú tí ọkọ̀ ojú irin yìí gbé kò tó nǹkan.

Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ kan ló yẹ kó yẹ àwọn tó ń bèèrè ọmọ wò. Àlùfáà, dókítà tàbí oníṣòwò ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1884, Hastings Hart, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Minnesota lórí iṣẹ́ àánú, ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá síbẹ̀. Ó rí i pé irọ́ ni àwọn tó ń sọ pé ọmọ New York ló kún ọgbà ẹ̀wọ̀n wọn. Ṣùgbọ́n ó tún rí i pé ìkánjú ti pọ̀ jù nínú bí a ṣe ń pín àwọn ọmọ náà. Ó ṣòro fún ọmọ ìgbìmọ̀ láti wo ojú aládùúgbò rẹ̀ kó sọ fún un pé kò yẹ lẹ́ni tí a lè fi ọmọ lé lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará, ojú ò gbọdọ̀ tì wá níbi tí ẹ̀mí ọmọ bá wà.

LẸ́YÌN IKÚ RẸ̀

Brace kú ní ọjọ́ 11, oṣù kẹjọ, ọdún 1890, ní Campfèr, ní ilẹ̀ Switzerland, níbi tó ti lọ wá ìlera. Ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní New York títí di òní.

Ní oṣù kìíní ọdún 1909, Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọmọ jọ sí ilé ìjọba ní Washington. Bàbá Ààrẹ yìí wà lára àwọn tó ti Brace lẹ́yìn nígbà ayé rẹ̀. Ìpàdé náà fẹnu kò pé inú ìdílé ni ọmọ ti yẹ kó dàgbà, pé bí ilé tirẹ̀ kò bá ṣeé gbé, kí a wá ìdílé rere mìíràn fún un. Ibi tí Brace dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nítorí òṣì nìkan. Ní ọdún 1911, ìpínlẹ̀ Illinois ṣe òfin láti máa fún àwọn ìyá tálákà lówó, kí wọ́n lè tọ́ ọmọ wọn nílé ara wọn. Èyí ni apá tí iṣẹ́ Brace ti kù.

OHUN TÓ KAN ÀWA

Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ọmọ àgbàtọ́. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ni wọ́n ti dàgbà. Láti àárín ọdún 1950 síwájú, nígbà tí àwọn ará Nàìjíríà wá kàwé níbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ọmọ wọn fún àwọn ìdílé òyìnbó láti bá wọn tọ́, torí pé wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Àwọn ọmọ kan rí ìfẹ́ tòótọ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn dàgbà láìgbọ́ èdè òbí wọn, wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n jẹ́ ti.

Àṣà wa dára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Alágbàtọ́ tó ń rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí ọmọ tirẹ̀ sì wà nílé ìwé, kò tíì gba ọmọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló gbà. Ẹ tún rántí òfin. Ní England, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò bá gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di dandan kí a fi tó káńsù àdúgbò létí. Àbúrò bàbá gan-an jẹ́ ìbátan. Ọ́ńkù tí a kàn ń pè ní ọ́ńkù torí pé ìlú kan náà la ti wá kì í ṣe ìbátan lójú òfin. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ wa. Ohun tí Hart rí ní ọdún 1884 ni wọ́n ń sá fún: kí a fi ọmọ sílé ẹni tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, kí a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wa nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ ran ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ilé yẹn kò bá ṣeé gbé, kó wá ilé mìíràn tó ní ìfẹ́. Bí ó bá sì rí i, kó máa lọ wo ọmọ náà, kó jókòó tì í, kó bi í léèrè, kó sì gba ohun tí ọmọ náà bá sọ gbọ́. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn àti ojú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àmín.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni Brace rí ní Rauhe Haus tí kò gbàgbé?
2. Sọ ìdí mẹ́ta tó fi yan ìdílé dípò ilé ọmọ òrukàn.
3. Kí ni ìpàdé ọdún 1909 fi kún ohun tí Brace ti ń ṣe?
4. Ǹjẹ́ ọmọ kan wà nínú ìjọ wa tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀? Kí ni ìwọ lè ṣe kí ara tù ú?